Ọkọ̀ Ìyá Tí Kò Fẹ́ Sáré

Houston,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 2007.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá. Ara mi le. Òtútù ibí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo sì ṣì ń ṣe iṣẹ́ àwọn arúgbó tí mo sọ fún yín. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń bú mi díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Kí lẹ́tà yìí tó dé, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ tí mo rà ránṣẹ́ ti kúrò ní èbúté. Ṣọládé, ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi mójú tó o, ni yóò wà á wá fún yín sí Ìkòsí. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó di ìjà: Ìyá ni mo rà á fún. Ọjọ́ tí ikọ́ fée gbé Ìyá lọ́dún tó kọjá, tí ẹ gbé e dúró lójú títì Kétu tí gbogbo táksì ń kọjá lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè jẹun nígbà tí mo gbọ́. Ìdí tí ọkọ̀ yìí fi wà nìyẹn. Kí ó wà nílé, kí epo wà nínú rẹ̀, kí ó sì gbé Ìyá dé ọsibítù ní Gbàgádà nígbàkigbà tí èémí rẹ̀ bá ń há. Ẹ̀yin ni dírẹ́bà rẹ̀. Ẹ má fi kó alùbọ́sà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi sá irú eré tí ẹ máa ń sá lọ́nà Jẹ́bbà nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Ìyá á máa ka Ayatu Kursiyyu títí a ó fi délé.

Ẹ ti ní fóònù kò bá etí yín mu mọ́, pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹ fi wa lọ́rì ti jẹ ẹ́. Ẹ tún ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yin ni kí n bá sọ ọ́, kì í ṣe Ìyá. Mo gbà. Ìwé ni màá máa kọ. Ẹ fèsì kíá.

Ọmọ yín,
Modinat.


Ìkòsí, Kétu,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2007.

Modinat,

Mo kí ọ. Àlàáfíà ni a wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun òwúrọ̀. Wùmí àbúrò rẹ ti padà sí políì ní Ìbàdàn, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ̀ dé. Ará ilé àti ará àdúgbò jáde wò ó. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, n kò sì ní gbé e mì.

Mo ń gbé ìyá rẹ lọ gba oògùn ní Gbàgádà. Bí a ti ń gun bírí́jì Ọjọ́ta, iná kan tàn níwájú mi, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì jáde sí i pé agbára ọkọ̀ ti dínkù. Mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá kó lè sáré, ọkọ̀ kò dá mi lóhùn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ kò hó, kò yọ èéfín, ó kàn ń rìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ẹni tó ń ti ọmọlanke kọjá lára mi, ó sì wẹ̀yìn wò mí. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ sáré dáadáa bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà náà ó ti tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Modinat, mo mọ ohun tí o ṣe. Lọ́dún 1984, Alhaji tó ni lọ́rì tí mò ń wà láti Sókótó ní kí a gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì rẹ̀. Wọ́n fi irin kan sí ara ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́. Gọ́fánọ̀ ni àwa dírẹ́bà ń pè é. Kò sọ fún wa. Ojú ọ̀nà ni mo ti mọ̀, pẹ̀lú ẹrù tòmátì tó ń rà lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí ó ṣe rí lára kí ènìyàn gbé ọkọ̀ lé ọ lọ́wọ́ kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Ìwọ náà kọ̀wé pé èmi ni dírẹ́bà, pé kí n má sáré. Ọkọ̀ sì dé, kò fẹ́ sáré. Ṣé n kò lè so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ni?

Sọ ibi tí o ní kí wọ́n fi nǹkan náà sí, kí a yọ ọ́. Bí ikọ́ bá gbé ìyá rẹ, tí ọkọ̀ yìí sì ń rìn báyẹn, ta ni a ó bi?

Èmi ni bàbá rẹ, kì í ṣe dírẹ́bà rẹ,
Mùkáílà Ọláwuyì.


Ìkòsí,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2007.

Modinat,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò gbúròó rẹ. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi kì í pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Mo ti pe Gbénró, ríwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní ìdíkọ̀ Kétu. Ó ti yọ gílóòbù iná náà, kò tàn mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń rọ nígbà tó bá wù ú, n kò wá mọ ìgbà tó fẹ́ rọ mọ́, nítorí iná tó ń sọ ọ́ fún mi ti lọ. Gbénró ní inú kọ̀ǹpútà ni gọ́fánọ̀ náà wà, pé òun lè tú u. Mo ní kó dúró de èsì rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ìyá rẹ kí ọ. Òun kò gbà pé o lè ṣe irú rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Houston,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2007.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Àná òde yìí ni lẹ́tà yín ti oṣù Kẹrin dé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó ṣe omi bọ́ lójú mi. N kò fi gọ́fánọ̀ kankan sí ọkọ̀ yín. Ta ni mí tí màá fi gọ́fánọ̀ sí Mùkáílà Ọláwuyì?

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Nínú lọ́rì yín, wáyà irin ló so ẹsẹ̀ yín mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, wáyà fà, ẹ́ńjìnnì gbọ́. Ọkọ̀ yìí kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ohun kékeré méjì ló wà nídìí tọ́tù rẹ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹsẹ̀ yín ti tẹ̀ ẹ́ tó, àwọn méjèèjì sì ń jẹ́rìí ara wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀rí wọn kò bá ti bára mu, kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́. Ẹ̀rù á bà á kí ọkọ̀ má lọ fò lójijì kó pa ènìyàn, yóò wá dín agbára kù kí ẹ lè rọra fi dé ilé. Kì í ṣe pé ó fojú kéré yín. Ó ń dáàbò bò yín ni.

Bí ó bá tún ṣe é, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jókòó fún iṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ ṣíná ọkọ̀, agbára rẹ̀ sábà máa ń padà. Mẹ́wàá ni mo wí, Bàbá. Ẹ má ṣe mẹ́ta kí ẹ ní ó ti tó. Mo mọ̀ yín.

Wùmí ní ọkùnrin kan wà ní Ogudu, Káyọ̀dé, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ láti fi ka ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sọ. Ẹ gbé e lọ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ríwáyà kankan fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Mo ń jẹun òwúrọ̀.

Ọmọ yín,
Modinat.


Ìkòsí,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2007.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

O rí i pé oríkì rẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, mo sì ti la tèmi mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé. Bí mo bá ní kó bu omi fún mi, á ní, "Ṣé Àwẹ̀ró ò ti fi gọ́fánọ̀ sí i?" Foríjì mí.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sí Ogudu. Káyọ̀dé dá iná tí Gbénró yọ padà, ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ìdí sítíárì, ó sì rí i bí o ṣe wí i gan-an: ẹ̀rí méjì ìdí tọ́tù ni kò bára mu. Ó ní títún un ṣe kò ṣeé ṣe, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀ lódindi. Èyí tó rí rà lọ́jà, àlòkù tó ní irú àrùn kan náà ni. Bá wa wá tuntun lọ́dọ̀ yín.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó bí mi nínú. Ó ní ẹnì kan ti tú ìdí tọ́tù yẹn rí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, pé wọ́n sì ti nu ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ kí ẹni tó ń rà á má baà rí iná. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọmọ mi kò ní mọ̀ọ́mọ̀ ra ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kò bá mi jiyàn, ó ká wáyà rẹ̀. N kò bi ọ́ léèrè o. Mo kàn sọ fún ọ kí o lè mọ̀ pé mo gbèjà rẹ.

Mo ti lo iṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni agbára padà. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí o bá wí lórí ọkọ̀ yìí ni màá ṣe, n kò ní fi tèmi kún un.

Bàbá rẹ,
Mùkáílà.


Houston,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2007.

Bàbá mi,

Ìbá sàn kí ẹ bi mí léèrè. Gbígbèjà tí ẹ gbèjà mi ni n kò lè gbé.

Òótọ́ ni Káyọ̀dé sọ. Mo mọ̀. Ọkùnrin tó ta ọkọ̀ náà fi iná náà hàn mí, ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń tà á ní ọ̀pọ̀. Ó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, iná kú lójú mi, ó ní ó lè má tún tàn mọ́ láé. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́. Èyí tó dára, n kò ní lè rà á kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, mo sì ń rí Ìyá lójú títì Kétu ní gbogbo ìgbà tí mo bá dijú.

Bàbá, mo tún ronú nípa yín. Mo rántí ọjọ́ tí táńkì lọ́rì yín jò lẹ́bàá Mọ́kwá, tí ẹ fi ọṣẹ dí i, tí ẹ sì gbé èmi àti Ìyá dé Ìbàdàn. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ọkọ̀ tí bàbá mi kò lè mú gbọ́ràn. N kò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ní ibi tí ènìyàn lè fi ọṣẹ dí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa ń bá a, tèmi kò tilẹ̀ lo oṣù mẹ́rin. Ẹ bú mi, mo tọ́ sí i.

Mo ti ra tọ́tù tuntun. Ládé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe Ṣọládé tó wa ọkọ̀ wá, ń bọ̀ nílé lópin oṣù Keje, òun ni yóò gbé e wá. Títí yóò fi dé, ẹ má gbé Ìyá sínú ọkọ̀ yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ gbàgbé iṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò kánjú ni iṣẹ́jú mẹ́wàá wà fún. Bí èémí bá gbé Ìyá, ẹ dá ohunkóhun tó ń kọjá dúró.

Modinat.


Ìkòsí,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, ọdún 2007.

Modinat, Àwẹ̀ró mi,

Wùmí tó ti Ìbàdàn wá wò mí ló ń kọ ọ́, èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ ọ́. Ó ní kí a pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá, ẹkún ni a ó fi jẹ káàdì náà tán. Mo wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o lè jókòó ka ìyókù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ń já ata gbígbẹ nínú tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní Mile 12. Àpò kan ya, eruku rẹ̀ bo gbogbo wa. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé tọjọ́ yẹn yàtọ̀. Mo fa oògùn tí mò ń fà sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbọ́. Hidayat, aládùúgbò ìsọ̀ mi, sáré lọ pe bàbá rẹ níbi tó gbé ọkọ̀ sí, wọ́n sì gbé mi wọnú ọkọ̀. Bàbá rẹ fò, ó ń fun fèrè. Èmi tí mo ti ń bá a jà lórí eré sísá láti ọjọ́ yìí wá, inú mi dùn sí eré náà.

Ìdí bírí́jì Ọjọ́ta ni iná yẹn ti tàn. Ọkọ̀ rọ. Bàbá rẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ ó gbé e síwájú. Ó ní, "Ìyá Modi, iṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Àwẹ̀ró ní ó máa padà." Mo fẹ́ ní kó dá ọkọ̀ mìíràn dúró, ohùn kò jáde. Mo ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ti ku méje.

Mọ́tò alùbọ́sà kan dúró níwájú wa. Dírẹ́bà rẹ̀, ọmọ Hausa kan, sọ̀ kalẹ̀, ó yọjú wò mí. Ó ní, "Baba, Mama no fit breathe. Make I carry am go." Bàbá rẹ ní, "Abeg wait. E remain four minutes. My daughter say make we no rush am."

Modinat, bàbá rẹ kì í ṣe òpè. O mọ̀ pé kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ gọ́fánọ̀, ó sì ti búra pé òun kò ní bá ọ jiyàn mọ́. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Ọkùnrin náà kò dúró gba àṣẹ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé mi bí ó ṣe ń gbé àpò, ó gbé mi síwájú mọ́tò rẹ̀. N kò mọ nǹkan kan mọ́ títí mo fi rí àjà ọsibítù, pẹ̀lú ọ́síjìn nímú mi. Dókítà ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Bàbá rẹ jókòó títí mẹ́wàá fi pé. Agbára ọkọ̀ padà, ó wà á dé. Ó wọlé bá mi tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Ó ṣiṣẹ́ o. Bí Àwẹ̀ró ṣe wí i náà ló rí." Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò ó.

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà rẹ dé, èyí tí o fi jẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ti kà á. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó ká a, ó fi í sínú àpò. Kò bú ọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń bi mí láti ọjọ́ náà ni bóyá mo gbọ́ orúkọ dírẹ́bà alùbọ́sà yẹn. N kò gbọ́. Àràárọ̀ ló ń lọ sí Mile 12 báyìí, ó ń wo ojú àwọn tó ń já alùbọ́sà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dùn mí. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè létí mi nígbà tí èémí mi ń lọ. Má kọ àlàyé kankan sí bàbá rẹ mọ́. Àlàyé ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí.

Ìyá rẹ,
Sàfúrátù.


Houston,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2007.

Bàbá mi,

Lẹ́tà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. N kò ṣàlàyé, Ìyá ní kí n má ṣàlàyé. Mo kàn fẹ́ rí ìwé láti ọwọ́ yín, ìbáà jẹ́ èébú.

Mo bi agbẹjọ́rò kan bóyá mo lè wá wo Ìyá. Ó ní ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé, bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa san owó oògùn Ìyá. Nítorí náà mo jókòó síbí. Mo ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá.

Ẹ kọ̀wé sí mi.

Modinat.


Ìkòsí,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2007.

Àwẹ̀ró,

Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò bú ọ, nítorí n kò mọ ibi tí èébú náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo fi sọ fún ẹni tó fẹ́ gbé ìyá rẹ pé kó dúró. N kò tíì rí ọkùnrin náà.

Ládé gbé tọ́tù tuntun dé, Káyọ̀dé sì ti fi sí i. Iná náà ti kú, ti òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Èmi nìkan gbé e gun bírí́jì Ọjọ́ta lẹ́ẹ̀mẹta láti dán an wò. Ó ń fò. Ọkọ̀ dáadáa ni, o ṣeun.

Ara ìyá rẹ ń yá. Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ fi ara han dókítà ní Gbàgádà. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dára, mo fọ̀ ọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é. Ó jáde, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Modi, ẹ má bínú." Ó kọjá lára mi, ó sì lọ dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Kò bá mi jà. Ó ń se oúnjẹ mi, a jọ ń ṣeré bí ti tẹ́lẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn bá ti dé mọ́ ọn, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Dókítà ní kí n má fipá mú un.

N kò sì lè jẹ́ kó dá lọ. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, òun a wọ kẹ̀kẹ́, èmi a wa ọkọ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn, láti Ìkòsí gba Ogudu títí dé Gbàgádà. Kẹ̀kẹ́ kì í sáré. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi a máa fun fèrè, wọ́n a máa bú mi, wọ́n a ní bí ọkọ̀ mi kò bá lágbára kí n gbé e kúrò lójú títì. Mo máa ń rí gèlè ìyá rẹ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú, n kì í sì í tẹ tọ́tù.

Bàbá rẹ,
Mùkáílà.